Ìwé Òkú Ṣọ́ọ̀ṣì: Bí Àwọn Òpìtàn Ṣe Ń Tọ Ipasẹ̀ Ogun Ọgbọ̀n Ọdún

Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1618, àwọn ìjòyè Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Bohemia ya wọ ààfin ìlú Prague. Wọ́n gbá aṣojú ọba méjì mú, Slavata àti Martinice, wọ́n sì tì wọ́n gba ojú fèrèsé sọ sísàlẹ̀. Wọ́n ju akọ̀wé wọn, Philip Fabricius, tẹ̀lé wọn. Fèrèsé náà ga tó òrùlé ilé alájà márùn-ún, síbẹ̀ kò sí ẹni tó kú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn Kátólíìkì ní Màríà Wúńdíá ló gbà wọ́n lófuurufú. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní irọ́ ni, orí ààtàn ni wọ́n já lé. Àwọn òpìtàn òde òní kan ní a kò nílò Màríà, a kò nílò ààtàn: ògiri ààfin náà dagun, ẹ̀wù àwọ̀lékè àwọn ọkùnrin náà sì nípọn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa Ogun Ọgbọ̀n Ọdún, ẹjọ́ ẹlẹ́nu méjì ni yóò máa gbọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí dé ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Ọba ní akọ̀wé tirẹ̀, ọ̀tá ọba ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé ìran tó ń bọ̀ yóò kà á. Èrò tèmi ni pé ìwé tó wúlò jù lọ lórí ogun yìí ni èyí tí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé ìtàn lòun ń kọ: ìwé tí pásítọ̀ ń kọ orúkọ òkú sí, ìwé owó orí, ìwé iye búrẹ́dì tí ìlú fún ọmọ ogun. Àwọn wọ̀nyí náà máa ń ṣini lọ́nà, ṣùgbọ́n àṣìṣe tiwọn kì í ṣe èrú.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bí ogun ṣe lọ. Jámánì ìgbà náà kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ìjọba Róòmù Mímọ́ ni wọ́n ń pè é, àkójọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlú, ilẹ̀ ọmọ ọba àti ilẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù, tí olú-ọba láti ìdílé Habsburg, Kátólíìkì pọ́ńbélé, ń ṣe olórí wọn. Àdéhùn Augsburg ti ọdún 1555 fún ọba kọ̀ọ̀kan láyè láti yan ẹ̀sìn ilẹ̀ rẹ̀, ti Luther tàbí ti Póòpù, ṣùgbọ́n kò ka àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin sí. Nígbà tí àwọn ará Bohemia kọ Ferdinand ti ìdílé Habsburg lọ́ba, tí wọ́n sì fi Frederick ará Palatinate, ọmọlẹ́yìn Calvin, jọba, ogun bẹ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1620, ní Òkè Funfun lẹ́bàá Prague, wọ́n ṣẹ́gun Frederick láàárín wákàtí díẹ̀. Ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Dẹ́nmáàkì wọ̀ ọ́ ní 1625, Sùwídìn ní 1630, Faransé bọ́ sí gbangba ní 1635, ó sì di ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1648 kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Münster.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń da orí akẹ́kọ̀ọ́ rú ni ọjọ́. Póòpù Gregory Kẹtàlá tún kàlẹ́ńdà ṣe ní 1582. Àwọn ilẹ̀ Kátólíìkì gbà á, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì Jámánì kò gbà títí di 1700, nítorí pé ọwọ́ Póòpù ló ti wá. Ní Augsburg, níbi tí ẹ̀sìn méjèèjì ti ń gbé pọ̀, kàlẹ́ńdà yìí nìkan dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní 1584. Ọjọ́ mẹ́wàá ni kàlẹ́ńdà kan fi ṣíwájú èkejì. Ogun Lützen tí Gustavus Adolphus, ọba Sùwídìn, kú sí ní 1632, ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ni lójú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ọjọ́ 16 ni lójú àwọn ọ̀tá rẹ̀. Nítorí náà, kí o tó gba lẹ́tà kankan gbọ́, wo ìlú tí wọ́n ti kọ ọ́ àti ẹ̀sìn ẹni tó kọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìròyìn ikú ọba á ti dé ìlú kí ọba náà tó gun ẹṣin jáde.

Lẹ́yìn ọjọ́ ló kan ìròyìn. Ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ ní Jámánì nígbà náà, ìwé pẹlẹbẹ aláwòrán sì ń tà bí àkàrà. Ọ̀rọ̀ ìlú Magdeburg ló fi èyí hàn jù. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1631, àwọn ọmọ ogun olú-ọba lábẹ́ Tilly àti Pappenheim fọ́ odi ìlú Pùròtẹ́sítáǹtì yìí wọlé lẹ́yìn ìsàgatì ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n pa, wọ́n kó, wọ́n fi ipá bá obìnrin lò pọ̀, iná sì ṣẹ́, ó sì jó ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìwé pẹlẹbẹ tó jáde lórí rẹ̀ lé ní 200. Àwọn kan ní Tilly ló ní kí wọ́n dáná sun ún. Àwọn kan ní àwọn ará ìlú fúnra wọn ló fi iná sí i kí ọ̀tá má baà rí nǹkan kó. Ta ni kí a gbà gbọ́?

Ẹni tí àwọn òpìtàn máa ń kọ́kọ́ yíjú sí ni Otto von Guericke, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú náà, tó bọ́ lọ́wọ́ ikú pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. (Guericke yìí kan náà ló fi agbára afẹ́fẹ́ han ayé lẹ́yìn ogun, nígbà tó fa afẹ́fẹ́ jáde nínú abọ́ bàbà méjì tó dojú kọra, tí ẹṣin púpọ̀ kò sì lè fà wọ́n ya.) Òun náà ní ìhà tó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣírò nǹkan ni, ó sì mọ àdúgbò ìlú rẹ̀ láti ilé dé ilé, nítorí náà bó bá fojú bu iye òkú sí nǹkan bí 20,000, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo ju ti oníwàásù tó wà ní ìlú mìíràn lọ. Ìwé kan tún wà tí kò ní ẹ̀dùn ọkàn kankan nínú: ní 1632 wọ́n ka àwọn tó ṣẹ́ kù sí Magdeburg, wọ́n rí 449. Àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ ṣáájú lé ní 20,000. Kì í ṣe gbogbo àwọn tí kò sí mọ́ ló kú, ọ̀pọ̀ sá lọ, síbẹ̀ ojú ewé orúkọ yẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo àwòrán iná tí wọ́n tà lọ́jà lọ.

Ọkùnrin kan tún wà ní Magdeburg lọ́jọ́ yẹn, láàárín àwọn tó ń fọ́ odi. Ní 1988, òpìtàn Jan Peters rí ìwé kékeré kan nínú ilé ìkàwé ńlá ìlú Berlin, ìwé ìrántí ọmọ ogun lásán kan. Ojú ewé àkọ́kọ́ ti ya dànù, kò sí orúkọ. Fún nǹkan bí ọdún 25, ọkùnrin yìí ń kọ ibi tó sùn, ohun tó jẹ, ìlú tí wọ́n gbà. Ìrìn tó fẹsẹ̀ rìn lé ní kìlómítà 22,000, láti Ítálì dé etí Òkun Baltic dé ilẹ̀ Faransé. Bí wọ́n ṣe mọ orúkọ rẹ̀ nìyí: ó máa ń kọ ọjọ́ àti ìlú tí ìyàwó rẹ̀ bímọ sí. Peters wá ìwé ìrìbọmi àwọn ìlú náà kiri, títí tó fi kan ọmọ kan tí ọjọ́ rẹ̀ bá a mu. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ ni pásítọ̀ kọ orúkọ baba sí: Peter Hagendorf. Pásítọ̀ yẹn kò mọ̀ pé òun ń tú àdììtú kan tí ayé yóò bá pàdé ní ọdún 350 lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ rẹ̀ lásán ló ń ṣe.

Lójú Hagendorf, Magdeburg kì í ṣe ìṣẹ́gun fún ẹ̀sìn kankan. Ìbọn bà á ní ikùn àti ní èjìká bó ṣe wọ inú ìlú. Wọ́n gbé e lọ sí ahéré rẹ̀ ní bùdó, wọ́n di ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló wọ inú ìlú tó ń jó náà lọ wá aṣọ tí ọkọ yóò fi sùn àti tí wọ́n yóò fi di ọgbẹ́, ó sì bọ̀ pẹ̀lú wáìnì àti ìgbànú fàdákà. Ọkọ ta àwọn ìgbànú náà. Nínú ìwé kan náà yìí ló ti kọ ọ́ pé ó dun òun pé ìlú tó lẹ́wà bẹ́ẹ̀ jóná, nítorí ilẹ̀ baba òun ni. Ká ní òpìtàn ló fẹ́ hun irú nǹkan báyìí pọ̀ ni, a ò ní gbà á gbọ́: olè àti ọmọ onílé nínú ara ènìyàn kan.

Ní 1633 àwọn ará Sùwídìn mú un, ó sì ń bá wọn jagun. Ní ọdún kejì, lẹ́yìn ogun Nördlingen, ó padà sínú rẹ́jímẹ́ǹtì rẹ̀ àtijọ́. Kò ṣàlàyé, kò tọrọ àforíjì. Ẹ̀sìn kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ yọ nínú ìwé rẹ̀, àfi nígbà tó bá ń gbàdúrà fún òkú, òkú sì pọ̀ nílé rẹ̀: ìyàwó àkọ́fẹ́, àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí fún un. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì náà ló tún jẹ́ kí a mọ bó ṣe parí ayé rẹ̀. Ó gbé ní Görzke, ìlú kékeré kan ní Brandenburg, ó di adájọ́ àti olórí ìlú níbẹ̀, ó sì kú ní 1679.

Ẹ fi Hans Heberle, oníbàtà kan ní abúlé Neenstetten lẹ́bàá Ulm, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìràwọ̀ onírù tó yọ ní 1618 ló mú kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé tirẹ̀, nítorí ó gbà pé àmì ibi ni. Nǹkan bí ìgbà 30 ni òun àti ìdílé rẹ̀ sá wọ inú odi Ulm títí ogun fi parí, ó sì ń ka ìsá kọ̀ọ̀kan. Hagendorf ni irú ẹni tí Heberle ń sá fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ọ̀kan láì ka èkejì kò tíì ka ogun náà dé ìdajì.

Iye òkú ló kàn, ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí jù. Kò sí ìjọba tó ń ka gbogbo ènìyàn ilẹ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ohun tó wà ni ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan, àti ìwé owó orí tó ń ka agbo ilé. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni pé wọ́n á ka iye ọmọ tí wọ́n rì bọmi lọ́dọọdún ṣáájú ogun. Bí ṣọ́ọ̀ṣì kan bá ń ri ọmọ 40 bọmi lọ́dún, wọ́n mọ̀ pé ọmọ kan lọ́dún dúró fún nǹkan bí ènìyàn 25 sí 30 nínú ìlú, ìyẹn ni pé ìlú náà tó 1,000 ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Bó bá wá di ọmọ mẹ́jọ lọ́dún lẹ́yìn ogun, ìṣirò ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á tún mú ìwé ìsìnkú wá, wọ́n á wo oṣù tí òkú pọ̀ sí. Bí ikú bá pọ̀ ní ìparí ooru títí wọ ìgbà ìwọ́wé, tó sì ń pa gbogbo ilé kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àjàkálẹ̀ àrùn ni, kì í ṣe idà.

Ìwé wọ̀nyí ló fi hàn pé àrùn àti ebi ló pa èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ ogun ló ń gbé àrùn káàkiri, ó ń jẹ irúgbìn tí àgbẹ̀ fẹ́ gbìn, ó ń pa màlúù tó ń túlẹ̀. Lẹ́yìn náà ikú á ṣe ìyókù fúnra rẹ̀. Augsburg tó ní nǹkan bí 45,000 ènìyàn ṣáájú ogun kù sí nǹkan bí 16,000 nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 1635, lẹ́yìn àrùn àti ìsàgatì. Ilẹ̀ Württemberg ní gúúsù tó nǹkan bí 450,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1620. Ní 1639, ó kù díẹ̀ kó tó 100,000. (Württemberg yìí ni David Hinderer ti wá, àlùfáà CMS tó tẹ ìjọ dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1850. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Anna wà ní Ìbàdàn nígbà ogun Ìjàyè, ohun tí wọ́n kọ nípa ebi àti ọ̀wọ́n ìgbà náà sì wà lára ohun tí òpìtàn tiwa ń kà títí dòní.)

Ṣùgbọ́n ẹ má yára. Ilé tó ṣófo nínú ìwé owó orí kì í ṣe ẹ̀rí pé onílé ti kú; ó lè wà nínú odi Ulm pẹ̀lú Heberle. Àwọn ìlú mìíràn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín owó orí àwọn kù, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ òfò di púpọ̀. Níbi tí ikú ti le jù ni ìwé ìsìnkú ti sábà máa ń dákẹ́, nítorí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ti kú tàbí ó ti sá, tàbí wọ́n ti fi ìwé náà dáná. Àlàfo inú ìwé ni òkú tó pọ̀ jù wà.

Ìdí nìyí tí iye tí wọ́n ń pè fi ń lọ sókè sódò. Ní 1940, Günther Franz, ọmọ ẹgbẹ́ SS, kọ ìwé tó ní ìdá 40 nínú 100 àwọn ará abúlé Jámánì àti ìdá 33 nínú 100 àwọn ará ìlú ńlá ló ṣòfò. Ó kó ìṣirò agbègbè jọ lóòótọ́, àwọn òpìtàn ṣì ń lò ó, ṣùgbọ́n ó wu ọkùnrin náà kí Jámánì jẹ́ ẹni tí àwọn àjèjì jẹ níyà, èyí sì yẹ ní rírántí. Òpìtàn Steinberg kọ̀wé tako irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó ní àsọdùn ni, ó sì ṣe àṣejù tirẹ̀ náà. Lónìí, iye tí òpìtàn Peter Wilson fà yọ nínú ìwé ńlá rẹ̀ ti ọdún 2009, nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún nínú ìjọba náà, ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí, ó sì ní àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà dín kù ní ìdá 15 sí 20 nínú 100. Èmi a máa sá fún gbólóhùn pé ìdá kan nínú mẹ́ta Jámánì kú. Àwọn agbègbè kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ogun. Àwọn mìíràn pàdánù ju ìdajì lọ. Ìdá kan fún gbogbo ilẹ̀ ń bo àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ìwé owó pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Wallenstein, ọ̀gágun olú-ọba, sọ bíbọ́ ọmọ ogun di òwò: bí ìlú tí ogun dé bá san owó gọbọi, wọn kò ní sun ún. Akọ̀wé ìlú ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, owó, ọtí, koríko ẹṣin, torí wọ́n retí pé ẹnìkan yóò san án padà. Kò sẹ́ni tó san án. Ìwé náà ló ṣẹ́ kù, òun ló sì ń jẹ́ kí a tọ ipa ọ̀nà ọmọ ogun láti ìlú dé ìlú.

Láti nǹkan bí ogún ọdún sí àkókò yìí, egungun náà ti di ìwé. Ní 2007, àwọn tó ń wa yanrìn lẹ́bàá Wittstock, níbi tí ogun ti wáyé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1636, kan kòtò tí wọ́n sin ọmọ ogun 125 sí. Àwọn awalẹ̀pìtàn yẹ eyín wọn wò, nítorí èròjà inú omi tí ènìyàn mu lọ́mọdé kì í kúrò nínú eyín, wọ́n sì rí i pé àwọn kan láti Scotland ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí ebi kí wọ́n tó dàgbà. Ní Lützen, wọ́n rí òkú 47 nínú kòtò kan ní 2011, wọ́n gbé ilẹ̀ náà tòkútòkú lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Halle. Kò sí akọ̀wé ọba tó kọ orúkọ àwọn wọ̀nyí síbì kan.

Ṣé ogun ẹ̀sìn ni lóòótọ́? Sáxónì, ilẹ̀ Luther gan-an, ti olú-ọba Kátólíìkì lẹ́yìn ní 1620. Richelieu, Kádínà ìjọ Kátólíìkì tó ń darí Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í fún Sùwídìn Pùròtẹ́sítáǹtì lówó ogun ní 1631. Ní 1643, Sùwídìn àti Dẹ́nmáàkì, ọmọlẹ́yìn Luther méjèèjì, dojú ìjà kọ ara wọn. Wilson kò gbà pé ẹ̀sìn ni gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀ràn òfin ìjọba àti ọlá ìdílé ọba ló tẹnu mọ́. Ó tọ̀nà nípa àwọn ọba. Ṣùgbọ́n ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kò jẹ́ kí n gbà á tán, torí nínú rẹ̀ ni a ti ń rí i tí wọ́n lé pásítọ̀ kan lọ, tí ọwọ́ ìkọ̀wé yí padà, tí èdè di Látìn, tí ó tún yí padà bí ogun ṣe yí. Ẹni tó pàdánù ibi tí yóò sin ọmọ rẹ̀ sí mọ ohun tí ẹ̀sìn jẹ́ nínú ogun náà.

Àwọn tó ṣe àdéhùn àlàáfíà 1648 náà mọ èyí. Wọn kò gbìyànjú láti sọ ẹni tó jàre. Wọ́n mú ọjọ́ kan, ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1624, wọ́n ní ẹ̀sìn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà ni yóò padà síbẹ̀, wọ́n sì ka àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin mọ́ ọn. Póòpù Innocent Kẹwàá bu ẹnu àtẹ́ lù ú, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ní ilẹ̀ Osnabrück, wọ́n pinnu pé bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kan ni yóò jẹ, Pùròtẹ́sítáǹtì kan yóò tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí di 1802. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀sìn abúlé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ lọ́jọ́ 1624 náà gan-an? Wọ́n yan Isaak Volmar, aṣojú olú-ọba, kó là á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn abúlé sì wà tí pásítọ̀ wọn fún àwọn ènìyàn ní Máàsì àti orin Luther pọ̀, tí kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ni wọ́n ń ṣe. Ní Goldenstedt, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: àlùfáà Kátólíìkì ń ka Máàsì níwájú, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ń kọ orin tiwọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, fún nǹkan bí 200 ọdún.